Ohun Tó Ń Pàṣẹ Oorun Ọ̀gìnnìtìn: Ẹ̀jẹ̀ Ni Àbí Ọpọlọ?

Ní ìhà àríwá Alaska, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń dì gbagidi fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹranko kékeré kan wà tí a lè pè ní ọ̀kẹ́rẹ́ ilẹ̀, nítorí pé ìbátan ọ̀kẹ́rẹ́ tiwa ni, ṣùgbọ́n inú ihò ló ń gbé. Bí ẹ̀ẹ̀rùn kúkúrú ibẹ̀, ìyẹn ìgbà tí ibẹ̀ ń móoru, bá ti ń parí, yóò wọ inú ihò rẹ̀, yóò fi koríko gbígbẹ tẹ́ ibùsùn, yóò ká ara rẹ̀ jọ bí bọ́ọ̀lù, yóò sì ti imú rẹ̀ bọ abẹ́ ìrù. Oṣù méje sí mẹ́jọ ni yóò lò níbẹ̀ láìjáde. Ẹni tó bá gbé e lọ́wọ́ láàárín ìgbà náà yóò rò pé òkú ni: ara rẹ̀ tutù bí òkúta ìsàlẹ̀ odò, kò mira, ìgbà díẹ̀ péré sì ni ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Ní ọdún 1989, Brian Barnes ti Yunifásítì Alaska ní Fairbanks fi hàn nínú ìwé ìròyìn Science pé ooru inú ara ẹranko yìí máa ń lọ sílẹ̀ títí yóò fi kọjá òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí yóò sì dé dígírì 2.9 nísàlẹ̀ òdo, síbẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní dì. Ara ènìyàn tó ní àlàáfíà wà ní nǹkan bí dígírì 37. Bí ó bá wálẹ̀ dé 28, lílù ọkàn lè dàrú nígbàkigbà, kí ẹni náà sì kú.

Ẹni tó bá ti wá ìgbín nínú igbó nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ti rí ohun tó jọ èyí. Ìgbín a fi nǹkan funfun bí ẹfun dí ẹnu ìkarahun rẹ̀, a sì wà lójú kan títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbín kò ní ooru ara tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣe gbóná tàbí tutù ni òun náà ń rí. Ẹranko afọ́mọlọ́mú kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán àti òru ni ara rẹ̀ ń dáná, tó sì ń ṣọ́ iná náà kí ó má bàa kú. Kí ẹranko tí a dá báyìí tó lè jẹ́ kí iná ara òun jó rẹ̀yìn fún oṣù mẹ́jọ, kí ó sì tún dá a padà láìní ọgbẹ́ kankan, ó ní láti jẹ́ pé nǹkan kan nínú rẹ̀ ló pa àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ta ni aláṣẹ náà? Ìbéèrè yìí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń lé láti ohun tó ju ọgọ́ta ọdún lọ, ó sì ti wá di ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn báyìí, nítorí pé àwọn oníṣègùn ń wá ọ̀nà tí wọ́n lè gbà fi irú ipò bẹ́ẹ̀ gba ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọ lù, tàbí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ lílù dúró, là. Àwọn àjọ tó ń rán ènìyàn lọ sí òfuurufú, NASA ti Amẹ́ríkà àti ESA ti ilẹ̀ Yúróòpù, náà ti ná owó lé ìwádìí rẹ̀, nítorí ìrìn-àjò ọlọ́pọ̀ oṣù sí Mars.

Oorun ọ̀gìnnìtìn ni mo pè é nínú àkọlé, nítorí pé a gbọ́dọ̀ fún un ní orúkọ kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oorun, kì í sì í ṣe ọ̀gìnnìtìn ló ń fà á. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi áyọ́ọ̀nù oníná ṣàpẹẹrẹ. Tí a bá yí bọ́tìnnì rẹ̀ sí ìwọ̀n tí a fi ń lọ aṣọ òwú, yóò gbóná títí yóò fi dé ìwọ̀n náà, iná pupa kékeré rẹ̀ yóò kú; bí ó bá tutù díẹ̀, iná náà yóò tún tàn. Irú adíwọ̀n ooru bẹ́ẹ̀ wà nínú orí olúkúlùkù wa, ní apá kékeré kan nísàlẹ̀ ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní hypothalamus. Bí òtútù bá mú wa, òun ló ń pàṣẹ pé kí a gbọ̀n. Bí ooru bá mú wa, òun ló ń pàṣẹ pé kí a làágùn. Ohun tí àwọn àgbà onímọ̀ kọ́kọ́ rò ni pé ẹranko tó wọ oorun ọ̀gìnnìtìn ti pa adíwọ̀n yìí, pé ó ti já wáyà rẹ̀, tí ara rẹ̀ fi wá ń tutù bí omi tí a gbé kúrò lórí iná. Ní àwọn ọdún 1970, Craig Heller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ohun èlò tín-ín-rín sínú ọpọlọ ẹranko tó wà nínú oorun náà, wọ́n sì mú kí hypothalamus rẹ̀ nìkan tutù sí i. Bí ó ti tutù kọjá ìwọ̀n kan, ẹranko náà bẹ̀rẹ̀ sí í dáná ara rẹ̀ láti gbèjà ara, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì wà ní ipò tó dà bí òkú. Áyọ́ọ̀nù náà kò kú. Ẹnì kan ló yí bọ́tìnnì rẹ̀ wálẹ̀, láti 37 lọ sí ìwọ̀n díẹ̀ péré sókè òdo.

Nítorí náà òtútù kì í ṣe ọ̀gá níbi ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rí mìíràn wà láti Madagascar, erékùṣù tó wà ní ìlà-oòrùn gúúsù Áfíríkà. Ẹranko kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní lemur onírù ọ̀rá, tó jẹ́ pé inú ìdílé tí ọ̀bọ, ìnàkí àti àwa ènìyàn wà ló wà. Ní 2004, Kathrin Dausmann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé ẹranko yìí máa ń lo oṣù méje nínú ihò igi nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí ọ̀rá inú ìrù rẹ̀ sì ń bọ́ ọ, ní ilẹ̀ tí oòrùn ti ń mú kọjá dígírì 30 lọ́sàn-án. Bí ihò igi náà bá gbóná lọ́sàn-án, ara rẹ̀ a gbóná. Bí ó bá tutù lóru, ara rẹ̀ a tutù, tó fi jẹ́ pé ìyàtọ̀ láàárín òru àti ọ̀sán lè sún mọ́ dígírì 20. Ọ̀gìnnìtìn kò sí níbẹ̀ rárá. Oúnjẹ àti omi ló wọ́n, ara ẹranko náà sì mọ̀ ṣáájú pé wọn yóò wọ́n.

Ṣáájú ni mo wí, ọ̀rọ̀ náà sì ṣe pàtàkì. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 sí àwọn ọdún 1960, àwọn olùwádìí méjì, Pengelley àti Fisher, kó ọ̀kẹ́rẹ́ ilẹ̀ sínú yàrá tí òtútù rẹ̀ kò yí padà, tí wọ́n ń tan iná ibẹ̀ fún wákàtí méjìlá tí wọ́n sì ń pa á fún wákàtí méjìlá lójoojúmọ́, láìsí òjò, láìsí ẹ̀ẹ̀rùn. Kò sí ohunkóhun nínú yàrá yẹn tó lè sọ fún wọn pé oṣù wo ni wọ́n wà. Síbẹ̀ àwọn ẹranko náà sanra nígbà tó yẹ kí wọ́n sanra, wọ́n wọ oorun, wọ́n jí, wọ́n tún sanra, ìyípo kọ̀ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan. Kàlẹ́ńdà wà nínú ara wọn.

Ohun tó ń gbé ìròyìn kàlẹ́ńdà yẹn kiri inú ara ni àwọn họ́mọ̀nù, ìyẹn àwọn èròjà tí àwọn ẹ̀yà kan nínú ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sí ibi tó jìnnà. Lára hamster, ẹranko kékeré kan tó jọ èkúté, họ́mọ̀nù melatonin, tí ọpọlọ ń tú jáde nínú òkùnkùn nìkan, ló ń sọ bí òru ti gùn tó. Bí òru bá ti ń gùn, kóropọ̀n akọ a súnkì, testosterone, họ́mọ̀nù akọ, a sì wálẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbímọ nìkan. Testosterone àti oorun ọ̀gìnnìtìn kì í gbé ilé kan náà: bí wọ́n bá fi họ́mọ̀nù náà sára akọ tó yẹ kó wọ oorun, kò ní wọ̀ ọ́. Àwọn akọ ọ̀kẹ́rẹ́ ilẹ̀ ní Alaska sì máa ń jí ṣáájú àwọn abo, nítorí pé kóropọ̀n wọn gbọ́dọ̀ tún dàgbà kí àwọn abo tó jáde.

Ebi náà wà lábẹ́ àṣẹ họ́mọ̀nù. Báwo ni ẹranko kan ṣe lè wà láìjẹun fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí ebi má sì jí i? Ẹgbẹ́ Elena Gracheva ní Yunifásítì Yale yẹ irú ọ̀kẹ́rẹ́ ilẹ̀ kan tó ní ìlà mẹ́tàlá lára wò. Wọ́n rí i pé họ́mọ̀nù tó ń ṣiṣẹ́ jù lọ nínú àwọn tí táírọ́ọ̀dù inú ọrùn ń tú jáde, tí wọ́n ń pè ní T3, máa ń dín kù nínú hypothalamus wọn nígbà oorun yìí, tó fi jẹ́ pé nígbà tí ara wọn bá tilẹ̀ gbóná padà fún ìgbà díẹ̀, wọn kì í fẹ́ jẹun. Nígbà tí wọ́n fi T3 sí ibẹ̀, ìfẹ́ oúnjẹ padà. Ẹgbẹ́ kan náà ti fi hàn ṣáájú pé òùngbẹ wọn náà máa ń lọ sílẹ̀, nítorí pé wọ́n máa ń dín iyọ̀ àti àwọn èròjà mìíràn tó ń fa òùngbẹ kù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ṣé a kò lè fa ẹ̀jẹ̀ ẹranko tó wà nínú oorun, kí a fi gún èyí tó ń sáré kiri, kí òun náà sì sùn? Wọ́n ti dán an wò. Ní 1969, Albert Dawe àti Wilma Spurrier ròyìn nínú Science pé àwọn fa ẹ̀jẹ̀ ọ̀kẹ́rẹ́ ilẹ̀ tó wà nínú oorun ọ̀gìnnìtìn sí ara àwọn tó wà nínú ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn yẹn sì wọ oorun ní àsìkò tí kò yẹ. Ìròyìn náà ru ọkàn sókè, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn sì fi wá èròjà kan ṣoṣo tó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn mìíràn tún iṣẹ́ náà ṣe lọ́nà tó le koko, kò jẹ́. Ohun tó sún mọ́ ọn jù ni ohun tí Noriaki Kondo rí ní Japan lára ẹranko kékeré abilà kan tí wọ́n ń pè ní chipmunk: ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣe irú purotéènì kan tí wọ́n sọ ní HP, tí ó máa ń dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ bí àsìkò oorun bá ń sún mọ́, tí ó sì máa ń pọ̀ sí i nínú omi tó yí ọpọlọ ká. Testosterone àti họ́mọ̀nù táírọ́ọ̀dù ló ń darí ṣíṣe rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọpọlọ ló ń gba iṣẹ́ náà.

Níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ ti pàdé gan-an ni mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀, nítorí pé, lójú tèmi, àyẹ̀wò tí mo fẹ́ sọ yìí ló lànà jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ní 2011, Tulia Jinka, Øivind Tøien àti Kelly Drew, gbogbo wọn ní Fairbanks, mú ọ̀kẹ́rẹ́ ilẹ̀ mẹ́fà, wọ́n sì fi oògùn kan tí wọ́n ń pè ní CHA sínú ọpọlọ wọn. Oògùn yìí ń ṣe bí adenosine, èròjà tó máa ń kó jọ nínú ọpọlọ wa bí a bá ti ń pẹ́ láìsùn, tó ń mú kí ojú wúwo. Ọ̀nà adenosine yìí ni kaféènì inú kọfí máa ń dí, tí ojú wa fi ń là. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wọ oorun ọ̀gìnnìtìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò oorun, 2 nínú 6 wọ̀ ọ́. Ní àárín àsìkò náà, 6 nínú 6 ni. Ẹranko kan náà, oògùn kan náà, ọ̀nà tí wọ́n gbà lò ó kan náà. Oṣù nìkan ló yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n sì fi oògùn mìíràn tó ń dí ọ̀nà adenosine sí ọpọlọ ẹranko tó ti ń bọ́ sínú oorun fúnra rẹ̀, ara rẹ̀ tún gbóná padà.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọwọ́ tó ń yí bọ́tìnnì wà nínú ọpọlọ, adenosine sì wà lára ohun tó ń gbé ọwọ́ náà. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì náà kò ní yí bí àsìkò kò bá tíì tú u, iṣẹ́ títú u yẹn sì ń gba oṣù púpọ̀, bí họ́mọ̀nù ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, tí ọ̀rá ń kó jọ, tí ọpọlọ sì túbọ̀ ń fetí sí adenosine ju ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ. A kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tó rù.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, ìwé ìròyìn Nature gbé ìwádìí méjì jáde ní àkókò kan náà, àwọn ló sì sọ ọ̀rọ̀ yìí di ohun tí gbogbo ayé ń sọ. Takeshi Sakurai ti Yunifásítì Tsukuba ní Japan àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ rí àwùjọ sẹ́ẹ̀lì kékeré kan nínú hypothalamus èkúté tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ru ú sókè, ooru ara èkúté náà a wálẹ̀ kíá, èémí rẹ̀ a dín kù, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ fún ohun tó ju ọjọ́ méjì lọ, kí ó tó padà bọ̀ sípò láìsí àmì ìpalára. Èkúté kì í wọ oorun ọ̀gìnnìtìn; èyí tó pọ̀ jù tó ń ṣe ni kí ara rẹ̀ rọlẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ bí ebi bá pa á. Wọ́n dán an wò lára eku ńlá, tí òun kì í tilẹ̀ ṣe ìyẹn pàápàá, ohun kan náà sì ṣẹlẹ̀. Ní Harvard, Sinisa Hrvatin àti Michael Greenberg gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n sàmì sí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ebi mú kí ara èkúté rọlẹ̀, wọ́n sì tún ru àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn sókè nígbà tí èkúté náà ti yó, ara rẹ̀ tún rọlẹ̀. Ibi tí àwọn méjèèjì dé kò jìnnà síra wọn rárá. Ní 2023, ẹgbẹ́ Hong Chen ní Yunifásítì Washington ní St. Louis tilẹ̀ fi ìró tí etí kò lè gbọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán ọmọ inú oyún, ru agbègbè kan náà sókè láti òde agbárí, láìla orí. Ara èkúté wọn tutù.

Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni ti eku ńlá yẹn. Bí ẹranko tí kò ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí bá ní sẹ́ẹ̀lì tó lè yí bọ́tìnnì wálẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ohun èlò náà ti wà lára àwọn baba ńlá gbogbo afọ́mọlọ́mú, kí ó sì ṣì wà ní orí àwa náà, láìlò.

Ṣùgbọ́n kí a yí bọ́tìnnì wálẹ̀ kò tó. Ẹ padà sí inú ihò ní Alaska. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta mẹ́ta, ọ̀kẹ́rẹ́ ilẹ̀ yẹn máa ń dáná ara rẹ̀ padà. Ọpọlọ a pàṣẹ, noradrenaline, èròjà kan tó ń ta ara jí, a tú jáde, ọ̀rá pupa rẹ́súrẹ́sú kan tó wà láàárín èjìká rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó jóná fún ooru lọ, a gbaná. Lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, láàárín wákàtí díẹ̀ yóò sì ti kúrò ní òdo dé 36. Yóò wà bẹ́ẹ̀ fún bí ọjọ́ kan, yóò sì tún rọlẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rá tó kó pamọ́ ni jíjí wọ̀nyí ń jẹ. Kí wá ni ó ń jí ṣe? Nígbà tí Serge Daan, Barnes àti Arjen Strijkstra wo iná mọ̀nàmọ́ná inú ọpọlọ wọn, ní 1991, wọ́n rí i pé bí ara ẹranko náà bá ti gbóná tán, ó máa ń sùn, oorun gidi. Wọ́n dábàá pé nínú òtútù tó tó bẹ́ẹ̀, ọpọlọ kò lè sùn, gbèsè oorun a sì máa pọ̀ lórí ẹranko náà títí yóò fi jí láti lọ san án.

Ọpọlọ náà kì í wà bí ó ti wà. Àwọn ẹ̀ka tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń kan ara wọn máa ń súnkì nígbà tí ara bá tutù, wọ́n sì máa ń hù padà láàárín wákàtí díẹ̀ tí ẹranko bá jí. Thomas Arendt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì rí i ní 2003 pé purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní tau máa ń yí padà nínú ọpọlọ ọ̀kẹ́rẹ́ ilẹ̀ bí ó ti ń yí padà nínú ọpọlọ àwọn àgbàlagbà tí àrùn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Alzheimer ń ṣe, ṣùgbọ́n tiwọn máa ń padà sípò bí wọ́n bá jí. Béárì náà ní tirẹ̀. Òun kì í tutù púpọ̀: àwọn béárì dúdú tí Tøien ṣọ́ ní Alaska wà láàárín dígírì 30 sí 36, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára tí ara wọn ń lò ti wálẹ̀ dé ìdá mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá dé, ara béárì kì í gbọ́ràn sí insulin, họ́mọ̀nù tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, lẹ́nu mọ́, bíi ti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì padà, ó tún ń gbọ́. Ní 2022, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Washington fi omi ẹ̀jẹ̀ béárì sí orí sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá béárì nínú àwo, wọ́n sì tọpa purotéènì mẹ́jọ tó jọ pé àwọn ló ń darí ìyípadà náà. Ẹ̀jẹ̀ tún ni, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àwọn oníṣègùn ti mọ ohun tí à ń rí bí a bá kàn mú ara tutù láìfọwọ́ kan bọ́tìnnì náà. Láti 2002, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí ara àwọn tí ọkàn wọn dáwọ́ dúró tutù dé nǹkan bí dígírì 33, kí ọpọlọ wọn má bàa bàjẹ́. Ìrètí pọ̀. Ní 2021, ìwádìí ńlá kan lórí aláìsàn tó ju 1,800 lọ fi hàn pé àwọn tí wọ́n mú tutù bẹ́ẹ̀ kò yè ju àwọn tí wọ́n kàn ṣọ́ kí ibà má mú lọ. Ara tí a fi yìnyín àti aṣọ olómi tútù mú tutù kò gbà pé òun ń sinmi. Adíwọ̀n rẹ̀ ṣì wà ní 37. Ó ń gbọ̀n, ó ń jà, oògùn oorun àti oògùn tó ń dẹ iṣan ni wọ́n sì máa ń fi pa á lẹ́nu mọ́.

Ìdí nìyẹn tí Kelly Drew fi ń bá iṣẹ́ CHA lọ lára eku ńlá, láti dé ibi bọ́tìnnì náà fúnra rẹ̀. Ìṣòro tó bá pàdé ni pé oògùn tó ń sọ̀rọ̀ sí adenosine nínú ọpọlọ ń sọ̀rọ̀ sí ti inú ọkàn náà, ọkàn a sì lọ́ra jù. Ó ní láti fi oògùn kejì tì í, èyí tí kò lè wọ ọpọlọ, kí ó lè dáàbò bo ọkàn nìkan. Ọ̀kẹ́rẹ́ ilẹ̀ kò nílò oògùn kejì yẹn. Láti ìgbà tí ó ti ń sanra nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni ọkàn rẹ̀ ti ń múra sílẹ̀ fún òtútù, nígbà tó jẹ́ pé wákàtí díẹ̀ péré ni oníṣègùn ní, láti ìgbà tí wọ́n bá gbé ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọ lù wọlé títí di ìgbà tí apá ọpọlọ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ yóò fi kú.